Igi Ládánì Láàárín Oko Ọkà

Àwọn tó ń gba ọ̀nà Ìdófìán kọjá lásìkò ọyẹ́ mọ igi náà. Igi kan ṣoṣo ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga ju orí èèyàn lọ díẹ̀, wọ́n sì fi igi kékeré mìíràn dábùú orí rẹ̀. Àárín oko ọkà bàbà tí wọ́n ti kórè tán ló máa ń dá dúró sí. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé wáyà iná ni wọ́n fẹ́ fà gba ibẹ̀. Àfáà Abdulmumini ló ń gbé e nàró lọ́dọọdún, ẹyẹ ló sì ń gbé e nàró fún.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Tí wọ́n bá ti kó ọkà wálé, inú pòròpórò tó ṣẹ́kù sóko ni eku máa ń kó sí. Wọ́n á bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà á tún bímọ, nígbà tí òjò bá fi padà dé, wọ́n á ti máa hú irúgbìn jẹ kó tó yọrí. Àwọn àgbẹ̀ yòókù a máa fi iná sun oko, àwọn mìíràn a máa fọ́n oògùn eku ká. Àfáà kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àṣá kékeré kan wà tó máa ń bá ọyẹ́ wọ̀lú. Kò tóbi ju ẹyẹlé lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí erùpẹ̀ ọ̀nà, àmì dúdú wínníwínní sì wà lára rẹ̀. Kì í gbé adìyẹ, kò ní agbára rẹ̀. Eku ni tirẹ̀, àti tata, àti alángbá. Ibi gíga tó máa bà lé, tí á fi máa wo ilẹ̀, ni gbogbo ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Gbalasa sì ni ilẹ̀ Àfáà, yàtọ̀ sí mángòrò kan tó wà létí oko lọ́hùn-ún. Àfáà wá ń fún ẹyẹ náà ní igi.

Ládánì ló sọ ọ́. Ó ní bí ó ṣe máa ń dá gun òkè lọ, tí á dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, tí gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ á sì mọ̀ pé ó ti débẹ̀, ó jọ ti ládánì tó fẹ́ pe ìrun.

Salimat ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ẹyẹ nígbà tó délé rẹ̀. Ọmọ ọjà Ipata ni. Ẹ̀gbẹ́ àpò ọkà ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ìrìn, ilé kéwú nìkan ló lọ, kò sì pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi ní kó wá máa bá wọn wọn ẹ̀wà. Ọdún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sóko lásìkò ọyẹ́. Ó gbé oúnjẹ dé ibẹ̀, ó bá ọkùnrin náà lórí ebè, tó gbójú sókè tí kò mira.

"Kí lẹ̀ ń wò?"

"Mò ń wá Ládánì."

"Ládánì wà ní mọ́sálásí. Ẹ wá jẹun."

Àfáà rẹ́rìn-ín títí ó fi dìde. Àmọ́ ẹ̀rù ń ba Salimat ní tirẹ̀, torí ó ń rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé àbí orí ọkùnrin tí wọ́n fi òun fún yìí kò pé ni.

Àfáà ló kọ́ ọ. Ó ní, "Má wá ẹyẹ. Ẹni tó bá ń wá ẹyẹ kò ní rí nǹkan kan. Wo ojú ọ̀run tó wà lókè pòròpórò, kí o wá ohun tí kò rìn." Ohun tó rọrùn ni, ṣùgbọ́n ó gbà á ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì kó tó yé e. Àwòdì á máa yí po, ìrù rẹ̀ á là sí méjì bí ìrù ẹja. Lékèélékèé á tò tẹ̀léra, wọ́n á kọjá lọ síbi tí màlúù wà. Igún á na apá gbọọrọ, kò ní jù ú. Gbogbo wọn ló ń rìn. Ládánì nìkan ni kì í rìn. Apá rẹ̀ á máa gbọ̀n, ìrù rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, orí rẹ̀ ò ní mì rárá, àfi bíi pé wọ́n fi òwú so ó kọ́ láti òkè. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni á já bọ́ bí òkúta. Tó bá tún gòkè, ẹ ó rí ìrù eku lábẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Salimat ti rí i fúnra rẹ̀, kò tún bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tó ń wò mọ́. Nígbà tó yá, ojú tirẹ̀ wá mú ju ti Àfáà lọ. Àfáà á ṣì máa fi ọwọ́ bo oòrùn lójú, òun á ti sọ pé, "Ẹ bojú wo apá ọ̀tún."

Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣẹ̀sín, ẹ̀sín náà sì dùn. Lami, aládùúgbò wọn, Fúlàní tí wọ́n bí sí Ìlọrin, lẹ́nu rẹ̀ mú jù, torí ó ń sin adìyẹ, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ àṣá sétí.

"Salimat, ọkọ rẹ kọ́lé fún olè kó tó kọ́ ṣálángá fún ọ."

"Kì í gbé adìyẹ, Lami. Mo ti sọ fún ọ."

"Gbogbo olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n bímọ mẹ́ta, Allah gba méjì níbẹ̀, ó ku Toyyib. Toyyib ò fẹ́ràn oko. Iṣẹ́ táìlì ló kọ́, àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ń kọ́ ládùúgbò Fate ló ti ń ṣe é. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í jiyàn. Tí ìyá rẹ̀ bá nawọ́ sókè pé wò ó, á gbójú sókè díẹ̀, á ní òun ti rí i, kí wọ́n lè fi òun sílẹ̀.

Ìgbà tí irùngbọ̀n Àfáà funfun tán ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n kán oògùn sí i, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọ̀kan, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ń sún kì lójoojúmọ́, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, títí ó fi dà bíi pé inú ihò kọ́kọ́rọ́ ló ti ń wo ayé. Lẹ́yìn náà, ihò náà dí. Ó ń ka Kùránì lórí ṣá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń wá gbọ́ wáàsí rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Oko nìkan ló gbé sílẹ̀ fún lébìrà. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti fẹ́, tí ètè bá ti ń là, á ní kí Salimat mú òun lọ gbé igi nàró. Òun á di ìdí igi mú, Salimat á máa sọ fún un pé ó ti tẹ̀ sọ́sì, ó ti gún báyìí. Wọ́n á wá tẹ́ ẹní sábẹ́ mángòrò, Àfáà lọ́wọ́ ọ̀tún, Salimat lọ́wọ́ òsì, wọ́n á máa retí.

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà máa ń sọ kò pọ̀.

"Ó ti dé."

Àfáà á gbé ojú tí kò ríran sókè, á bi í pé, "Ibo ló kọjú sí?"

"Ó kọjú sí ibi tí ọyẹ́ ti ń bọ̀."

"Alhamdulillahi. A tún rí ọdún yìí."

Ó tán nìyẹn. Wọ́n á jẹ ẹ̀pà wọn, wọ́n á lọ sílé. Salimat ti sọ fún Lami nígbà kan pé nínú gbogbo ohun tí òun ṣe fún ọkọ òun láyé, oúnjẹ o, ọmọ o, kò sí èyí tí ọkùnrin náà gbà lọ́wọ́ òun bó ṣe ń gba gbólóhùn yẹn.

Ìlú ń gbòòrò bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ilé ti gba iwájú oko, wọ́n ti mọ ògiri sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àfáà àti Abdulhaleem àbúrò rẹ̀ ló jọ jogún ilẹ̀ náà. Wọ́n jọ fẹnu kò pé kí wọ́n tà á, nítorí èwo nínú wọn ló ku agbára àgbẹ̀ fún? Ẹni tó rà á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíá. Àfáà bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n lo ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i, pé tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, kí ó máa gbé katakata rẹ̀ bọ̀. Ọkùnrin náà gbà, kò béèrè ìdí.

Ọkà ò tíì gbó tán lóko nígbà tí Àfáà ṣe àlùwàlá òwúrọ̀ kan, tó jókòó kó lè nu omi ẹsẹ̀ kúrò, tí kò sì dìde mọ́. Oòrùn ọjọ́ náà kò wọ̀ bá a lórí ilẹ̀.

Salimat bá wọ opó. Ní ilé yẹn, ọ̀rọ̀ opó kì í ṣe eré, obìnrin kì í jáde títí yóò fi parí. Gbogbo ìkórè, inú ilé ló ti gbọ́ ọ. Ọyẹ́ fẹ́ dé, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí iná. Ẹ̀ẹ̀rùn tí Àfáà fi ẹ̀bẹ̀ gbà nìyí, kò sì ní sí òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ rí Ládánì lórí igi ọkọ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi," bí àwọn ìyàwó ilé ṣe ń pe àwọn àbúrò ọkọ ló ṣe pè é, "mo fẹ́ dé oko. Ojú ọ̀sán ni, mi ò ní pẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lóko, Ìyá Toyyib? Ọkà ti wálé."

"Mo fẹ́ lọ wo ẹyẹ."

Abdulhaleem ń fi ọwọ́ pa fìlà rẹ̀ lójú. Èèyàn rere ni.

"Tí ẹ bá ní ẹ̀ ń lọ sílé ìwòsàn, mo lẹ́nu láti sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ní ẹ̀ ń lọ ra oògùn, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ ńkọ́? Kí ni kí n sọ fún àwọn obìnrin tí Àfáà fúnra rẹ̀ kọ́ ní òfin opó? Pé ìyàwó rẹ̀ ò lè jókòó, ó lọ wo àṣá?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Salimat, omijé ló tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni. Àìmọye opó ni Àfáà ti bá sọ ọ́ pé kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ayé fi òkú wọn ṣe àwàdà níta. Òun kọ́ ló máa wá bà á jẹ́.

Ó pe Toyyib.

"Lọ bá mi gbé igi bàbá rẹ nàró. Ó wà lẹ́yìn ilé, má jẹ́ kí wọ́n fi dáná. Gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é ni kí o ṣe é."

"Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ṣé àjèjì ni mí ni?"

Nígbà tó padà dé, eruku bo irun ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti gbé e nàró. Ẹ máa rí i tí ẹ bá jáde. Mo ṣe é dáadáa."

Salimat ṣàdúrà fún un.

Láti ìgbà náà, tí Toyyib bá ti dé láti ibi iṣẹ́, ìbéèrè kan náà ló ń bá pàdé. "Ó ti dé?" Kò tíì dé. "Ṣé o dúró síbẹ̀ dáadáa?" Mo dúró, Ìyá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọyẹ́ mú, ó mú débi pé ilẹ̀kùn ń fọhùn lóru. Salimat á jókòó sí àgbàlá, á gbójú sókè. Ojú ọ̀run tó bọ́ sí i lọ́wọ́ kò ju ìwọ̀n ẹní kan lọ, láàárín òrùlé àti tánkì omi ilé kejì. Àwòdì kọjá níbẹ̀. Lékèélékèé kọjá. Ohun tí kò rìn níbẹ̀ ni tánkì.

Ohun mìíràn tó tún ń wá nígbà náà ni ẹ̀wù oko Àfáà, bùbá aláwọ̀ eérú tí apá rẹ̀ kan ti ya. Wọ́n ti kó àwọn aṣọ olóògbé fi ṣe sàárà fún àwọn aláìní, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí kò dára débi tí èèyàn máa fi tọrẹ. Ó tú àpótí, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò rí i. Ó gbà pé ó ti bá àwọn tó kù lọ, kò sì bi ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà rò pé sàárà ló ń dùn ún.

Ọjọ́ tí opó parí, wọ́n wẹ̀ fún un, wọ́n ṣàdúrà, ó wọ aṣọ mìíràn. Lami gbé fúrá wá, ó ní àwọn máa jọ lọ sí Ipata kí àwọn èèyàn lè kí i.

"Ọ̀fà Garage ni mò ń lọ," ni Salimat wí, "kí n lè rí mọ́tò Ìdófìán wọ̀."

Lami gbé igbá fúrá kalẹ̀. "Kai. Ọjọ́ tí o jáde takaba, àṣá lo fẹ́ lọ kí?"

"Òun ló kù tí mi ò tíì kí."

Lami bá a tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Máa lọ. Bá mi sọ fún un pé adìyẹ mi pé."

Toyyib bá ìyá rẹ̀ lọ. Ọyẹ́ ti ń pa dà lẹ́yìn, ooru ti ń wọlé, òdòdó mángòrò ti ń di ọmọ. Àkókò tí Ládánì máa ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ti sún mọ́ etílé, Salimat sì mọ̀.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n yà wọ inú oko.

Ọkọ Salimat dúró láàárín oko. Ó wọ ẹ̀wù oko rẹ̀, ó na apá méjèèjì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ apá tó ya. Ibi tó máa ń dúró sí gan-an ni. Obìnrin náà ti ṣí ẹnu láti pè é kí ojú rẹ̀ tó wá ríran dáadáa, tó rí i pé kò lórí.

Toyyib gbá a mú. "Ìyá, kí lẹ ti rí i sí?" Inú rẹ̀ dùn, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀. "Mo ní kí ẹyẹ náà lè dá onílé mọ̀. Ó ti ń rí aṣọ yẹn lọ́dọọdún. Mo ní tó bá rí i, á mọ̀ pé oko Bàbá ṣì ni."

Salimat rìn lọ sídìí igi náà. Ihò eku kún ibẹ̀, wọ́n ti lu ilẹ̀ bí asẹ́, àwọn mìíràn tiẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ igi gan-an. Ó na ọwọ́ sókè, ó fa etí ẹ̀wù náà wá sí imú. Eruku àti oòrùn ló ń rùn. Ọyẹ́ ti fẹ́ gbogbo ohun tó kù kúrò lára rẹ̀.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Bó bá fi ẹ̀wù náà sílẹ̀, á ṣì máa rí ẹni tó dúró lóko títí katakata á fi dé. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá fẹ́ nìyẹn.

"Sọ ọ́ kalẹ̀," ló wí.

"Ṣé kò dáa ni, Ìyá?"

"Ó dáa, ọmọ mi. Àdáajù rẹ̀ ni. Ẹyẹ inú igbó ni, ó ń bẹ̀rù èèyàn. Nígbà tí bàbá rẹ bá gbé igi nàró tán, abẹ́ mángòrò lọ́hùn-ún la máa ń sá lọ, kí ó lè bà. Ìwọ wá gbé èèyàn lé orí ìjókòó rẹ̀."

Toyyib wo igi, ó wo ilẹ̀ tí eku ti gbẹ́. Ó jókòó lórí ebè bí ẹni tí wọ́n gé ní ẹsẹ̀. "Gbogbo ọyẹ́ yìí," ló ń sọ. "Gbogbo ọyẹ́ yìí, èmi ni mò ń lé e." Ọkùnrin tó ti ní ìyàwó nílé, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Kò sunkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, títí ó fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Toyyib dìde, ó tú ẹ̀wù náà sílẹ̀.

Wọ́n lọ sábẹ́ mángòrò. Salimat jókòó sọ́wọ́ òsì, ó ká ẹ̀wù náà sí ìtòsí rẹ̀ lápá ọ̀tún. Toyyib jókòó sẹ́yìn wọn. Igi dúró ní ìhòòhò láàárín oko. Wọ́n kí ìrun ọ̀sán níbẹ̀, oòrùn yẹ̀, wọ́n kí alásàrí. Kò sí nǹkan kan lórí igi.

Ìgbà tí oòrùn ti ń pọ́n ni Salimat rí i. Kì í ṣe lórí oko wọn. Ó jìnnà, ó ti kọjá òkúta ààlà, ó wà lókè ilẹ̀ kan tí wọ́n ti fa ìpìlẹ̀ sí. Ó dúró. Apá ń gbọ̀n, orí ò mì.

Salimat yíjú sọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ó ti dé."

"Níbo, Ìyá?" Toyyib ti dìde, ó ń fi ọwọ́ bo oòrùn, ó ń wo ibi gbogbo. "Mi ò rí i."

"Má wá ẹyẹ. Wá ohun tí kò rìn."

Àmọ́ kì í ṣe òun ni ìyá rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ń retí ìbéèrè kan, ó sì ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bi í. Ládánì já bọ́, ó gòkè, ó tún dúró. Kò wo ibi igi wọn rárá. Nígbà tó yá, ó tẹ apá, ó ń lọ.

Salimat tẹ̀ sórí ẹ̀wù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ohùn tí èèyàn fi ń ṣàdúrà lọ. "Ó kọjú sí ibi tí ọyẹ́ ti ń bọ̀."

Ó gbọn eruku ẹ̀wù náà dànù, ó ká a sábẹ́ ìborùn rẹ̀. Mọ́tò tó kẹ́yìn ò ní pẹ́ kọjá. Toyyib bi í bóyá kí òun fa igi náà tu, kí wọ́n gbé e lọ sílé, kó má baà bá ti katakata lọ.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Òjò ò tíì rọ̀."